Ohun Tí Mọ́tò Rí Lápá Òsì

Nígbà tí ìyàwó mi ń lọ sí Kánádà láti tọ́jú ọmọ tí ọmọbìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àpótí kan péré ló gbé. Ó ní kí n máa gé ewúro ẹ̀yìnkùlé kó má baà bo fèrèsé, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá ìkòkò ńlá tó fi ń se oúnjẹ ọdún. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní pẹ́ dé ni. Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, mo padà sí Bódìjà, mo sì ń gé ewúro. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn tó rìn dáadáa, oyún òmíràn ti dé. Ọmọbìnrin wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ sì wà ní ìlú tó jìnnà. Ta ni wọn ì bá ní kó máa wo àwọn ọmọ? Èmi gan-an ni mo sọ fún un lórí fóònù pé kó ṣe sùúrù díẹ̀ sí i. Díẹ̀ yẹn ló di ọdún mọ́ ọdún.

Mi ò ráhùn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ní Bódìjà ló wà bẹ́ẹ̀. Bí a bá pàdé ní báńkì, a ó bi ara wa pé, "Màdámù ńkọ́?" Ọ̀kan á ní tòun wà ní Húsítìn, òmíràn á ní tòun wà ní Máńṣẹ́sítà. A ó rẹ́rìn-ín, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ bá àga.

Ayàwòrán ilé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà láàrin Bódìjà àti Agbówó, ọwọ́ mi ni àwòrán wọn ti jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè mí ní Ẹnjiníà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kàwé ẹnjiníà. Ilé tí mò ń gbé náà, èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀. Mo fi yàrá kún yàrá nítorí mo rò pé àwọn ọmọ á máa kó àwọn ọmọ tiwọn wá lo ìsinmi. Nígbà tó yá, yàrá kan ni mò ń lò, àti ilé ìdáná, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàrin wọn. Àwọn yàrá yòókù, mo máa ń ṣí fèrèsé wọn lọ́jọ́ Sátidé kí atẹ́gùn lè wọlé, lẹ́yìn náà mo máa ń tì wọ́n padà.

Oúnjẹ kọ́ ló le nínú kéèyàn máa dá gbé. Mo mọ oúnjẹ sè. Ohun tó le ni pé kò sí ẹni tó ń wo èèyàn. Mo wọ ẹ̀wù lódìlódì lọ́jọ́ kan láti òwúrọ̀, ìgbà tí mo fẹ́ bọ́ ọ sùn ni mo tó mọ̀.

Ọmọbìnrin wa ló fi mọ́tò náà ránṣẹ́. Ó ní èyí tí mò ń wà ti gbó jù, ọkàn òun kì í balẹ̀ tí òun bá ti pè mí tí mi ò gbé fóònù. "Dádì, èyí máa ń ṣọ́ èèyàn," bó ṣe wí nìyẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ọkùnrin tó gbé e wá láti Èkó ló wá fi ìka tọ́ ọ hàn mí. Ó ní rédà wà nínú bọ́ńpà iwájú, rédà sì tún wà ní igun méjèèjì lẹ́yìn.

Mo ní, "Irú èyí tí ọkọ̀ òfurufú ń lò?"

"Òun náà ni, Dádì. Ó ń ju nǹkan kan jáde tí ojú kò lè rí, tí etí kò lè gbọ́. Tí nǹkan yẹn bá kan mọ́tò tàbí èèyàn, á ta padà wá. Ibẹ̀ ni mọ́tò ti máa mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, á sì mọ bó ṣe jìnnà tó."

"Á jẹ́ pé bíi gbohùngbohùn ni."

"Ẹ gbà á!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí nǹkan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, iná pupa rúsúrúsú kan á tàn lára dígí ẹ̀gbẹ́. Tí mo bá tún fẹ́ yà síbẹ̀, mọ́tò á ké. Tí nǹkan bá sì wà níwájú tí mi ò tẹ búréèkì, mọ́tò á fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á kọjá lẹ́bàá ọjà Bódìjà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kò dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́tùn-ún, ọ̀kadà lósì, alábàárù tó ru àpò ẹ̀wà níwájú, gbogbo wọn ló ń ké lé lórí, kíún, kíún, kíún, bí òròmọdìẹ tí ìyá rẹ̀ sọ nù. Lọ́nà Òjòó ńkọ́, tí mo tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kó máa tẹ̀ lé mọ́tò iwájú fúnra rẹ̀? Ó fi àyè sílẹ̀ láàrin òun àti mọ́tò náà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Takisí kan sì bọ́ sínú àyè yẹn. Mọ́tò mi tún fà sẹ́yìn, ó fi àyè mìíràn sílẹ̀. Takisí mìíràn bọ́ síbẹ̀. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn mi yọ orí jáde, ó ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ń sùn, ẹ lọ sílé lọ sùn!" Mo pa bọ́tìnnì náà. Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé mọ́tò tí ọmọ rẹ̀ rà kò tíì gbọ́ nípa Ìbàdàn rí. Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi ń mì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó mọ́ mi lára. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀. Láti àárọ̀ tí n ó ti jí títí di àkókò tí ilẹ̀ Kánádà á mọ́ tí wọ́n á pè mí, ó lè má sí ohùn kankan nínú ilé ju ti rédíò lọ, rédíò kò sì mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú yàrá. Mọ́tò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìní ibi tí mò ń lọ. N ó wà á láti Bódìjà dé Ṣálẹ́ńjì, n ó ra búrẹ́dì, n ó padà.

Ìyàwó mi bi mí pé, "Búrẹ́dì Ṣálẹ́ńjì? Kí ló ṣe ti ẹnu géètì?"

Mo ní, "Ó rọ̀ ju tibí lọ."

Mi ò ní ohùn tí mo lè fi sọ pé nítorí ariwo mọ́tò ni.

Láàrin ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn ti ń fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi. Ní ìjọ aláṣọ funfun tí mò ń lọ, ìyá kan wà tó máa ń dúró kí mi lẹ́nu ọ̀nà bí ìsìn bá parí, tó máa ń béèrè ìyàwó mi. Kò dúró mọ́. Àwọn tó ń ṣe ọjà nítòsí géètì wa, tí wọ́n máa ń pariwo "Ẹ káàárọ̀, Ẹnjiníà!", wọ́n dákẹ́. Mo ṣe àlàyé rẹ̀ fún ara mi. Mo ní ìyàwó mi ló lèèyàn, èmi kàn ń jókòó tì í ni. Nígbà tó lọ, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Mi ò bínú sí wọn. Mo kàn ń yára kọjá bí mo bá rí wọn, kí n má baà fi ojú bẹ wọ́n.

Kò pẹ́ sí i ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Bí mo ṣe pè é nìyẹn. Yóò ké lápá òsì, n ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò, n kò ní rí nǹkan kan. N ó gba Mọ́kọ́lá, òsì á ké. N ó dé Dùgbẹ̀, òsì á tún ké. Ọwọ́ ọ̀tún kì í parọ́. Tó bá ké lọ́tùn-ún, n ó rí kẹ̀kẹ́ náà kedere. Mo gbà pé rédà ẹ̀gbẹ́ òsì ti bàjẹ́, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan ní Mọ́kọ́lá, àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe.

Ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ mọ́tò, ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ní, "Dádì, kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

"Ó ń ké sí afẹ́fẹ́."

"Bóyá ẹrẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ bọ́ńpà." Ó bu omi, ó fọ̀ ọ́. Ó tún wò ó. "Tó bá tún yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n já a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ní kí n já a fáwọn. Àwọn tó ṣe é kò rí ọ̀kadà tó tó tiwa ni."

Mo fẹ́ ní kó já a lójú ẹsẹ̀, àmọ́ òjò ti ṣú, ó sì fẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo ní n ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé ni epo wọ́n. Gbogbo ilé epo tì, kẹ̀kẹ́ àti takisí dín kù lójú títì, èmi sì ní epo nínú mọ́tò nítorí mo ti rọ ọ́ kún ṣáájú. Mò ń ti géètì lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Àlàájì tí ilé wa jọ pín ògiri yọ sí mi láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni, ìdílé onílẹ̀, ó ti ń ta irin àti sìmẹ́ńtì kó tó fà á lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. A ti jọ ń gbé láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú, ṣùgbọ́n ìkíni nìkan ló máa ń là wá pọ̀, nígbà tó sì yá, ìkíni náà kò sí mọ́.

Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n yọ yín lẹ́nu. Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn kan ní Ríìngì Róòdù. Mi ò rí ọkọ̀ láti àárọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "ẹ ò fẹ́ kí wọ́n yọ yín lẹ́nu," yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àkókò àríyànjiyàn. Mo ní kó wọlé.

A gba Ṣàngó, a gba Mọ́kọ́lá, a kọjá ní Dùgbẹ̀. Ó ń ka tẹ̀sùbáà lórí orúnkún. Mọ́tò ké lósì, ó tún ké.

Ó béèrè pé, "Kí ló ń ké báyìí?"

Mo ṣàlàyé rédà fún un. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ má dá a lóhùn. Èyí tó wà lósì, irọ́ ló ń pa."

Ó wo ojú fèrèsé tèmi, ó wo ojú mi, ó sì padà sórí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

A ti dé Ríìngì Róòdù, mo ti yà kúrò lójú títì ńlá, ilé ìwòsàn kò jìnnà mọ́. Títì náà ṣófo níwájú mi. Mo tẹ epo díẹ̀. Lójijì mọ́tò han gooro, àwọ̀ pupa kún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, búréèkì sì dì í láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ mi kàn án. Bẹ́líìtì gún wa láyà. Àlàájì kígbe, "Sùbùhánáláì!" Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìbínú. Mo ní lọ́kàn mi pé irọ́ mọ́tò yìí máa pa wá lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ọmọlanke kan yọ níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ilẹ̀ ló pọ̀ ọ́ jáde. Kẹ́ẹ̀gì omi kún inú rẹ̀, ọkùnrin kan ń tì í bọ̀ láti òsì. Ó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí òógùn lọ́rùn rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá! Ṣé ẹ ò ríran ni?"

Ọ̀rọ̀ ìbínú ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ síra wọn lójú títì. Ṣùgbọ́n Àlàájì yíjú sí mi, ó sì tún un bi mí, láìsí ìbínú.

"Ẹnjiníà, ṣé ẹ ò rí i?"

Mo ní, "Níbo ló ti yọ?"

"Ó ti ń bọ̀ tipẹ́. Mo rò pé ẹ fẹ́ jẹ́ kó kọjá."

Mo rọra wa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á. Àlàájì tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó kọjú sí mi, ó ní kí n kọjú sí òun.

"Ẹ wo imú mi. Ẹ má wo ibòmíràn. Tẹ́ ẹ bá rí ọwọ́ mi, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀."

Ó nawọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi. Mo wo imú rẹ̀. Mo dúró. Ó rẹ̀ mí, mo ní, "Ẹ gbé ọwọ́ náà wá nígbà náà."

Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀."

Ó gbé ọwọ́ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú tí mò ń wò kí n tó rí ìka rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ti dolóògbé, tí ojú rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ṣú wọlé bẹ́ẹ̀ láìdùn ún, láìpọ́n. Ó bi mí bóyá mò ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Mo rántí ibi tó ti dúdú lápá òsì mi, tí mi ò mọ ohun tó ṣe é. Ó bi mí bóyá mò ń fọ́ ife. Mo ní mo kàn rò pé àgbà ló dé.

Ó wo ilẹ̀ kó tó sọ èyí tó kù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ó pẹ́ tí mo ti ń kí yín lẹ́nu géètì. Apá òsì yín nilé mi wà tẹ́ ẹ bá ń jáde. N ó kí yín, ẹ ò ní dáhùn, ẹ ò ní wò mí. Mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé látìgbà tí ìyàwó Ẹnjiníà ti lọ, kò fẹ́ rí ojú èèyàn mọ́. Mo sì jáwọ́."

Mo gbé orí lé sítíárìn. Ojú kọ́ ni mo ń ronú nípa rẹ̀ lákòókò yẹn. Àwọn tó ń ṣe ọjà níwájú géètì ni mo ń rò, apá òsì ni gbogbo wọn pàtẹ sí. Ìyá ìjọ yẹn ni mo ń rò, apá òsì ẹnu ọ̀nà làwọn obìnrin ń bá jáde. Wọ́n ti kí mi, wọ́n kí mi títí ó fi sú wọn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn, kí ló tún kù tí wọ́n lè ṣe fún un?

A wọlé lọ kí àbúrò rẹ̀. Nígbà tí a jáde, Àlàájì na ọwọ́, ó ní, "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Òun ló wa mọ́tò padà dé Bódìjà. Gbogbo ohun tó bá wà lósì ló ń dárúkọ fún mi bó ṣe ń lọ, "Ọ̀kadà nìyí. Obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ nìyí. Ọ̀kadà mìíràn," títí mo fi ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó tó.

Òun náà ló bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà tó yẹ̀ mí wò, ọmọ obìnrin tó lè jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ mi ni. Wọ́n gbé àgbọ̀n mi lé orí irin kan, wọ́n fi nǹkan bo ojú kan, wọ́n fún mi ní bọ́tìnnì. Wọ́n ní àwọn iná kéékèèké á máa tàn káàkiri inú abọ́ funfun kan, kí n tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí mo bá rí ọ̀kan. Ojú ọ̀tún, mo tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó kan ojú òsì, mo jókòó, mo ń dúró. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń dún bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé iná ń tàn níbì kan, mi ò rí nǹkan kan. Ó ṣe mí bíi kí n kàn máa tẹ bọ́tìnnì lásán kí ojú má baà tì mí.

Dókítà ní ìfúnpá inú ẹyinjú mi ti ga fún ọdún púpọ̀, ó sì ti jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ojú òsì ló bà jẹ́ jù, èyí ọ̀tún náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìhà imú mọ́. Èyí ọ̀tún ló ti ń bá a ru ẹrù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ̀. Ó ní, "Èyí tó ti lọ, Bàbá, kò ní padà. Èyí tó kù la fẹ́ máa ṣọ́. Oògùn tí ẹ ó máa kán sójú lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ má sì wa mọ́tò mọ́."

Ó béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nínú ilé?"

Mo ní, "Mọ́tò mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó dáwọ́ dúró. "Ta lẹ ń bá gbé, Bàbá?"

"Èmi nìkan ni."

Mo sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gbé fóònù lé ibì kan, mo sì ń wo òkè àjà ilé ìdáná wọn, funfun báláú, mo ń gbọ́ ọmọ kan tó ń pè é ní "Grandma". Nígbà tó gbé ojú rẹ̀ padà wá, ó ti fi omi ṣan án.

"Ká ní mo wà nílé ni, èmi ì bá ti mọ̀."

Mo ní, "Kò sí bó o ṣe lè mọ̀ ọ́n. Èmi alára kò mọ̀."

"Èmi ì bá mọ̀. Apá òsì yín ni mo máa ń jókòó sí nídìí tábìlì. Ẹ̀ bá ti da omi sí mi lára, ẹ̀ bá ti fi mí sílẹ̀ láìdáhùn, ǹ bá sì ti bínú, ǹ bá ti bi yín pé kí ló dé."

Ó ní òun máa bọ̀ nílé, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ lójijì, kí ni ọmọ wa máa ṣe? Ó ní bí èyí kékeré bá ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé, òun ń bọ̀. Àwa méjèèjì fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Kékeré náà ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé báyìí. Wọ́n ń wá ẹni tí á máa lọ mú un wálé lọ́sàn-án.

Olùkọ́ yunifásítì kan ló ra mọ́tò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó bi mí bóyá ó ní ìṣòro kan. Mo ní, "Ó máa ń ké púpọ̀." Ó ní kò burú, òun á ní kí rewáyà já a. Mo ní kó má já a, mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, ó ń mi orí lọ bí èèyàn ṣe ń mi orí sí àgbàlagbà, ọkàn rẹ̀ sì ti wà lójú títì. Mo jẹ́ kó lọ. Mi ò mọ ohun tó ṣe sí i.

Mò ń fi ẹsẹ̀ rìn báyìí, tàbí kí n wọ kẹ̀kẹ́. Mo lọ bá àwọn ọlọ́jà iwájú géètì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n káàánú mi, wọ́n sì ń kí mi sókè báyìí, àwọn kan tilẹ̀ ń pariwo bí ẹni pé etí ló di. Mo kọ́ bí a ṣe ń yí gbogbo ara sí òsì kí n tó kọjá lọ. Mo ti kí òpó iná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá ìjọ yẹn ní òun ti gbọ́, kò sóhun tó burú, ṣùgbọ́n kì í dúró dè mí mọ́. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa lọ.

Kíkán oògùn sójú ni iṣẹ́ tó ṣòro. Ọwọ́ mi kì í dúró lójú kan, oògùn á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àlàájì gbọ́, ó ní kò tọ́. Láti ìgbà náà, bó bá ti kírun mọ̀gàríbì tán, yóò kan géètì, n ó jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó gbé orí sókè. Yóò ní "Bísímílláì" kó tó tẹ ìgò náà, èmi á sì ní "Lórúkọ Jésù". Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń jókòó díẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì, ilẹ̀, àwọn ilé tí mo yà tí òun ta irin fún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀ nígbà náà.

Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí Àbújá, wọ́n fẹ́ kó sinmi lọ́dọ̀ wọn. Ó pè mí, ó ní òun kò tíì mọ ìgbà tí òun máa dé, pé wọ́n ní kí òun dúró díẹ̀ sí i. Mo ní kó gbádùn ara rẹ̀.

Mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa dá a ṣe. Mo máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, n ó gbé ìgò sókè, n ó sì dúró kí ọwọ́ mi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń bọ́ síbi tó yẹ. Lọ́jọ́ mìíràn ìrọ̀rí ni yóò gbà á, n ó tún un ṣe.